Ẹ̀fọ́ inú àgbàlá nígbà ọyẹ́ ní Atakpamé: ṣé òjò ni kò tó, àbí ibi tí a ó gbé e pamọ́ sí?

Bí ọyẹ́ bá ti ń dé báyìí ni fídíò máa ń wọlé sórí WhatsApp wa. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Faransé àti Jámánì ló ń fi í ránṣẹ́: ẹ̀fọ́ tútù nínú yàrá, lábẹ́ iná, nígbà tí yìnyín ń bọ́ níta. Ìbéèrè kan náà ló ń tẹ̀ lé e: kí ló dé tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ò ṣe bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń sunkún owó ọbẹ̀ ní oṣù kejì?

Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń dí ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ lọ́hùn-ún àti lọ́dọ̀ wa. Ní Yúróòpù, òtútù ni, àti oòrùn tí kò tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e wọlé. Ní Atakpamé, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, oòrùn ń ràn bí kò ṣe ní wọ̀ mọ́. Omi ni kò sí, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti Sàhárà sì ń fa èyí tó kù nínú ilẹ̀ gbẹ. Ẹni tó bá fi rọ́bà bo ẹ̀fọ́ rẹ̀ pa lọ́dọ̀ wa, yóò ti sè é kó tó já a. Ẹni tó bá sì tan iná fún un, ó ń fi owó ra ohun tí Ọlọ́run fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, púpọ̀ nínú tòmátò tá à ń jẹ ní Tógò, Burkina Faso ló ti ń wá. Ó ń gba ẹnubodè Cinkassé, ó ń gba Dapaong, Kara àti Sokodé, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa lójú ọ̀nà Nationale 1. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2021 làwọn agbébọn ti ń kọlu agbègbè Savanes lókè lọ́hùn-ún, ìjọba sì kéde ipò pàjáwìrì níbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Àlùbọ́sà Niger náà rí tirẹ̀: lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù keje ọdún 2023, CEDEAO ní kí wọ́n ti ẹnubodè, ó di oṣù kejì ọdún 2024 kí wọ́n tó mú ìjìyà náà kúrò. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà àríwá, inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ló ń parí sí.

Àgbàlá wa kò lè rọ́pò tòmátò Burkina, ká má tan ara wa. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀, gboma àti adémè, ìyẹn ewédú, kò béèrè púpọ̀. Àpò ìrẹsì àtijọ́, bàsíà tó ti jò, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ dáadáa, imọ̀ ọ̀pẹ lókè fún ìbòòji: ó tó. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tẹ̀tẹ̀ ti tó já. Owó tí a kò fi ra ẹ̀fọ́ la ó fi ra tòmátò.

Ó ku omi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ilẹ̀ ẹ̀fọ́ tó jẹ́ mítà méjì sí méjì máa ń mu bíi 20 lítà lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fún 100 ọjọ́, 2,000 lítà nìyẹn. Àgbá 200 lítà kan, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló máa gbé e. Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé, "Ẹ ò rí i, òjò wa ò tó."

Àmọ́ ẹ wo òrùlé. Mílímítà òjò kan lórí òrùlé mítà 40 níbùú lóròó, 40 lítà ni. Ká tilẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún dànù, òjò bí 65 mílímítà ti kún 2,000 lítà. Atakpamé ń gbà ju 1,000 mílímítà lọ lọ́dún! Òjò ìparí, ti oṣù kẹwàá, lè ṣe é tán. Òjò kọ́ ni kò tó. Ibi tí a ó gbé e sí la ò ní: à ń wò ó bó ṣe ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wa lọ.

Ẹni tó ń san gbèsè àìní ìkùdù omi yẹn ni obìnrin ilé àti ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí ọmọ fi orí ru omi rẹ̀ gun òkè láàárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé, ẹ má pè é ní ọ̀fẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìgbìmọ̀ ìlú. Láti ìdìbò ọdún 2019, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọdún 1987, a ti ní àwọn tí àwa fúnra wa yàn sí kọ́múùnù. Kí wọ́n kọ́ ìkùdù òjò síbi òrùlé ilé ìwé, kí wọ́n dé e dáadáa kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀, kí ọgbà ẹ̀fọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé á wò ó kọ́ṣe.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ ṣeun fún fídíò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ lọ́dún yìí, ẹ má fi iná ránṣẹ́. Owó sìmẹ́ńtì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kó sì dé kí òjò oṣù kẹwàá tó parí.