Kí Ọ̀gá Ilé-Ìwé Wọ Kíláàsì

Tí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá délẹ̀, owó oṣù, òrùlé tó ń jò àti àga tí kò tó ló máa ń gba ẹnu wa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà tí ọ̀gá àgbà ń hù sí olùkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í náni lówó, bẹ́ẹ̀ ó lè tún iṣẹ́ ṣe, ó sì lè bà á jẹ́.

Ẹ wo olùkọ́ tuntun tó ń kọ́ ọmọ ní ìyọkúrò, tí ìṣirò náà dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọ̀gá bá jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn ọmọ, láti ọjọ́ náà lọ, ojú pátákó ni yóò máa kọ ohun gbogbo sí, kí àwọn ọmọ máa dà á kọ. Kò ní béèrè ìbéèrè mọ́, kí ọmọ má baà bi òun padà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá rọra jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n jáde, tó fi ìdérí ìgò hàn án bí a ṣe ń yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́jọ, olùkọ́ yẹn yóò tún gbìyànjú lọ́la. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà kò ní tijú láti béèrè ohun tó rú wọn lójú.

Kì í ṣe òní ni títọ́ olùkọ́ sọ́nà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní 1970, èdè Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ là ń rántí. A máa ń gbàgbé pé wọ́n pèsè ìwé fún àwọn olùkọ́, wọ́n sì ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Lónìí, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò ju kí wọ́n buwọ́ lu nóòtù ẹ̀kọ́ lọ. A kò dá wọn lẹ́bi tán: ọ̀pọ̀ ni kò ní akọ̀wé, tí fáìlì sì ń lé wọn káàkiri sẹkitéríàtì. Ẹ̀bi tó tóbi jù wà lọ́wọ́ ìjọba tó sábà máa ń fi ọdún iṣẹ́ yan ọ̀gá. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti 2022 sì ti sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ dé ọmọ ọdún 65. Níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ lé e, ọ̀gá tí kò mọṣẹ́ yóò pẹ́ lórí àga.

A ń bẹ SUBEB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹ má fi ẹnikẹ́ni jọ̀gá mọ́ láìkọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́ olùkọ́ sọ́nà. Ẹ fún àwọn ọ̀gá ní akọ̀wé, kí wọ́n lè ráyè wọ kíláàsì.