Sáà Tuntun Dé, Ọkàn Mi Ò Balẹ̀

Bloomington, Indiana
Oṣù Kẹjọ, 2025

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìbàdàn,

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Ọlọ́run á san án fún yín. Ara wa le níbí, àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti owó, kì í sì í ṣe ti ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù yìí ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Indiana máa bẹ̀rẹ̀ sáà tuntun. Wọ́n á gba Old Dominion lálejò níbí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá á ti máa bi mí pé bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń gbá l'Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, kì í ṣe èyí tí à ń wò ní pápá Adámásingbà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, tàbí kí wọ́n jù ú fún ara wọn, bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ sì rí ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Èèyàn 11 ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ànfààní mẹ́rin láti fi rin yáàdì mẹ́wàá. Bí wọn ò bá rìn ín pé, bọ́ọ̀lù di ti àwọn tí wọ́n jọ ń gbá. Bí wọ́n bá gbé e dé ìparí pápá àwọn yẹn, àmì mẹ́fà ni. Ìyókù á yé yín bí ẹ bá ń wò ó. Ohun tó máa ya yín lẹ́nu ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo àwọn tó ń gbá a, síbẹ̀ pápá tiwa níbí ń gba èèyàn tó lé ní 50,000, ti Penn State tí a máa lọ bá ní oṣù Kọkànlá sì ń gba èyí tó lé ní 100,000.

Àwọn ará Indiana ò ka bọ́ọ̀lù yìí sí tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bí mọ́ wọn. Ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè márùn-ún ni yunifásítì yìí ti gbà nínú rẹ̀: 1940, 1953, 1976, 1981 àti 1987. Láti ọdún 1976 tí àwọn ọmọ akọ́nimọ̀ọ́gbá Bob Knight ti parí sáà láìfìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tíì sí ẹgbẹ́ ọkùnrin yunifásítì mìíràn ní ìpele àkọ́kọ́ tó ṣe irú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni IICC Shooting Stars gbé ife Áfíríkà wá sí Ìbàdàn, tí Bàbá wa ò fi jẹ́ ká gbádùn etí wa mọ́ lórí ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Láwàl. Ìgbà tí mo débí tí mo gbọ́ bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń pe ọdún 1976, mo mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ yìí, ìyà ni wọ́n jẹ. Nínú gbogbo yunifásítì tó wà ní ìpele àkọ́kọ́, kò sí èyí tó tíì fìdí rẹmi tó Indiana, ó ti lé ní ìgbà 700. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ti gba líìgì Big Ten, ní 1945 àti ní 1967, ti èkejì yẹn sì ni wọ́n jọ pín pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ó gbé wọn dé Rose Bowl, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje ìparí sáà tí wọ́n ń pè ní bowl, ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1968, Southern California sì fi 14 sí 3 lù wọ́n. Ìdíje ìparí sáà tí wọ́n borí gbẹ̀yìn ni ti 1991, tí wọ́n na Baylor ní 24 sí òdo. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lọ́kọ, wọ́n ti láya.

Ẹnìkan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, Terry Hoeppner. Ọdún 2005 ni sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbí. Ó gbé òkúta ńlá kan wá sí pápá pé kí àwọn ọmọ máa fọwọ́ kàn án bí wọ́n bá ń jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé àwọn máa gbá ìdíje 13, torí 12 ni ti sáà, bowl ni ìkẹtàlá. Àrùn jẹjẹrẹ inú ọpọlọ pa á ní oṣù Kẹfà 2007. Lọ́dún yẹn gan-an ni àwọn ọmọ rẹ̀ na Purdue, alábàádíje wa láti ọjọ́ pípẹ́, ní 27 sí 24, wọ́n sì gbá ìdíje ìkẹtàlá náà. Òkúta yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ilé básíkẹ́ẹ̀tì lásán nibí ò tíì rí ojú àwọn àgbà tó ń wò ó.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an wá nìyí. Ní 2020, lásìkò Kòrónà tí pápá ṣófo, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà, Tom Allen, ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Penix. Ní ìdíje àkọ́kọ́, pẹ̀lú Penn State, ọmọ náà fò, ó na ọwọ́ tó gbé bọ́ọ̀lù dání títí ó fi kan ìgun pápá, a sì borí ní 36 sí 35. Sáà yẹn, mẹ́fà la borí nínú mẹ́jọ. Gbogbo ayé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wa. Nígbà tí ọdún 2021 fi máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbé wa sí ipò 17 ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Mo ra aṣọ pupa fún gbogbo àwọn ọmọ mi. Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Iowa fi 34 sí 6 nà wá ní ìdíje àkọ́kọ́, méjì péré la borí nínú 12, nínú líìgì fúnra rẹ̀ a ò sì borí ẹyọ kan nínú mẹ́sàn-án. Ọdún 2022, mẹ́rin. Ọdún 2023, mẹ́ta. Wọ́n ní kí Tom Allen máa lọ.

Ẹni tí wọ́n gbé wá rọ́pò rẹ̀ ní ìparí oṣù Kọkànlá 2023 ni Curt Cignetti, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Nick Saban ní Alabama kó tó lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. James Madison ló ti wá, ó sì kó agbábọ́ọ̀lù tó ju mẹ́wàá lọ wá láti ibẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa borí, ẹni tí kò bá gbà kó lọ wá orúkọ òun lórí Google. Mo gbọ́ ọ, mo mi orí. A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣe é. Ìdíje mẹ́wàá àkọ́kọ́, a ò fìdí rẹmi. A na Nebraska ní 56 sí 7. A na Michigan, tí wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè ní sáà tó ṣáájú, ní 20 sí 15. A na Purdue ní 66 sí òdo! Mọ́kànlá la borí lápapọ̀, nígbà tó jẹ́ pé láti ìgbà tí yunifásítì yìí ti ń gbá bọ́ọ̀lù, mẹ́sàn-án ni wọn ò tíì kọjá rí. Mo máa ń gba iṣẹ́ alẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ ní ilé ìwòsàn kí Sátidé lè jẹ́ tèmi, mo sì rí i pé àwọn nọ́ọ̀sì tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ti ń dúró sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀ẹ̀mejì la fìdí rẹmi, àwọn ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ni àwọn ẹlẹ́gàn sì dì mú. Ohio State fi 38 sí 15 nà wá. Ní oṣù Kejìlá, nínú ìdíje ẹgbẹ́ 12 tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa gba ife, Notre Dame nà wá ní 27 sí 17. Àmì yẹn gan-an bò wá láṣìírí ni, torí 27 sí 3 ni títí ó fi ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n ní àwọn aláìlágbára nìkan la ń nà, wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n pè wá. Ó dùn mí, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún yìí náà, Old Dominion, Kennesaw State àti Indiana State la máa fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó máa lọ bá Oregon jà nílé wọn ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá yẹ kó ti bá ọkùnrin jà ṣáájú. Ọpẹ́lọpẹ́ Illinois tó ń bọ̀ níbí ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án. Ìdíje yẹn ló máa sọ ohun tí a jẹ́ fún wa.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńlẹ̀. Láti 2021 ni wọ́n ti gbà kí àwọn ọmọ yìí máa jẹ nínú orúkọ ara wọn. Ní oṣù Kẹfà tó kọjá yìí, adájọ́ kan ní California fọwọ́ sí i pé yunifásítì fúnra rẹ̀ lè máa sanwó fún wọn, tó lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún fún gbogbo eléré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ kan. Ọmọ tó bá sì fẹ́ kúrò ní ibì kan lè lọ síbòmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ibí ń ráhùn pé ìfẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ti tán, ọjà ló dà. Èmi ò bá wọn ráhùn. Mo ní ìdí.

Ọmọ Yorùbá kan gbá bọ́ọ̀lù níbí láti 1996 sí 1999, Adéwálé Ògúnléyé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gbé kọ́tábáàkì lulẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lókè nínú àkọsílẹ̀ yunifásítì yìí nínú iṣẹ́ náà. Ó lè ti lọ gba owó ńlá ní NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, kí ọdún ìkẹyìn rẹ̀ tó dé. Kò lọ, ó padà wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bá bàjẹ́ ní sáà yẹn. Ní ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan àwọn ọmọ tuntun, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ rẹ̀. Ó padà jà dé ibi gíga, Miami mú un, ó wà lára àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù NFL ní 2003, ó sì bá Chicago dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá líìgì náà. Ṣùgbọ́n mélòó ni orúnkún irú rẹ̀ bàjẹ́ tí wọn ò gbọ́ nípa wọn mọ́? Pápá kún nítorí wọn, tẹlifíṣọ̀n sanwó nítorí wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba tiwọn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹgbẹ́ tó bá lówó jù wá lè ra àwọn tiwa ní ìdajì ọjọ́ kan, bí àwa náà ṣe kó ti James Madison.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ dárí jì mí tí mo bá fi ọ̀rọ̀ yìí sáàárín. Ọmọ yín kọ̀wé sí mi pé òun ti ga, òun fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù yìí. Kó kọ́kọ́ jókòó ṣe WAEC rẹ̀. Ẹ má sì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá a wá ààyè níbí, torí yunifásítì tó bá fẹ́ agbábọ́ọ̀lù ló ń náwó lé e lórí. Bọ́ọ̀lù yìí sì ń pa orí àti ọpọlọ lára. Èmi tí mo fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí, n kì í wò ó láìbẹ̀rù fún ọmọ ọlọ́mọ.

Kọ́tábáàkì wa tuntun ni Fernando Mendoza, ọmọ Miami tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti Kúbà wá. California ló ti wá bá wa, níbi tí wọ́n ti ń gbé e lulẹ̀ lemọ́lemọ́, síbẹ̀ tó ń dìde. Àbúrò rẹ̀, Alberto, ti wà níbí ṣáájú rẹ̀, ipò kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbá. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nínú ilé kan. Elijah Sarratt tó ń gba bọ́ọ̀lù lókè ò lọ, Aiden Fisher tó ń darí ẹ̀yìn ò lọ, D'Angelo Ponds ò lọ. Àwọn mẹ́ta yìí lè wá owó lọ síbòmíràn. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló ń fún mi nírètí, àwọn ni.

Ipò 20 ni wọ́n fi wá sí ṣáájú sáà, Penn State wà ní ipò kejì. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá la máa lọ bá wọn, a ò sì tíì borí wọn nílé wọn rí, láyé. Ní ọjọ́ 28, a máa parí rẹ̀ lọ́dọ̀ Purdue, fún korobá onígi kan tí wọ́n ti ń dù láti 1925, tí wọ́n ń so lẹ́tà ẹni tó bá borí mọ́ ẹ̀wọ̀n ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọ̀mì ni ti ọdún àkọ́kọ́, wọ́n bá so lẹ́tà àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ti pé 100 ọdún báyìí. Bí a bá pàdánù gbogbo ìyókù, mi ò ní fẹ́ kí korobá yẹn kúrò nílé.

Mẹ́jọ ni mo rò pé a máa borí. Mẹ́wàá ni mò ń gbàdúrà fún. Ẹ bá mi fi síbi àdúrà yín, ẹ má wò ó pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Wákàtí márùn-ún lẹ fi ṣáájú wa títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn náà yóò di mẹ́fà, nítorí náà ẹ má pè mí lálẹ́ Sátidé lọ́dọ̀ yín, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Màmá. Kí Bọ̀ọ̀dá fi ọjọ́ ìdíje 3SC, ìyẹn Shooting Stars wa, ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pàápàá èyí tí wọ́n máa gbá nílé. Owó oògùn Màmá ti wà nínú àkáǹtì Àǹtí láti ọjọ́ Ajé.

Èmi ni tiyín,
Àbúrò yín ní Bloomington