Ọ̀rọ̀ Kan Tí Kò Sí Lára Páálí

Ní ọdún 1973, obìnrin ẹni ọdún 26 kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí oyún dúró. Ní oṣù Keje ọdún 1976, rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ilé-iṣẹ́ Ortho tó ṣe oògùn náà kò ṣàì kìlọ̀: wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé oògùn náà lè mú ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó sì pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọn kò kọ, ìyẹn rọpárọsẹ̀. Obìnrin náà wí fún kóòtù pé ká ní òun rí ọ̀rọ̀ yẹn ni, òun kì bá tí lo oògùn ọ̀hún.

Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí àwọn obìnrin ń pe àwọn tó ń ṣe oògùn ìfètòsọ́mọbíbí lẹ́jọ́, ibí yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Òfin tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé bí ilé-iṣẹ́ oògùn bá ti kìlọ̀ fún dókítà, ẹrù ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ dókítà láti sọ fún aláìsàn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Massachusetts kọ̀ ọ́ ní 1985. Wọ́n ní oògùn yìí kò rí bí èyí tí dókítà ń kọ fún ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Obìnrin tó ń lò ó kò ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ, ó sì lè tó ọdún kan kó tó tún fojú kan dókítà. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ní èdè tí yóò yé e. Ìdájọ́ tó tọ́ ni. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ náà ti tún délẹ̀ báyìí, lórí Depo-Provera, abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé gbé ìwádìí jáde pé ó ju ìlọ́po márùn-ún lọ tí ewu meningioma fi pọ̀ lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Meningioma ni kókó tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n bó bá ń tóbi, ó ń tẹ ọpọlọ, ó sì lè di pé kí wọ́n la orí kí wọ́n tó yọ ọ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2025 ni wọ́n ti kó àwọn ẹjọ́ náà jọ síwájú Adájọ́ M. Casey Rodgers ní Pensacola, ìpínlẹ̀ Florida. Àwọn obìnrin ní ó yẹ kí Pfizer, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà, ti kìlọ̀. Pfizer ní àwọn fẹ́ kìlọ̀, FDA tó ń ṣàkóso oògùn ló kọ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2025, FDA gbà kí ìkìlọ̀ náà wọ inú ìwé oògùn. Ta ni yóò wá dáhùn fún ẹni tí wọ́n ti la orí rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà?

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé ewu náà kò wọ́pọ̀. Nínú obìnrin 18,061 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ meningioma fún nínú ìwádìí àwọn ará Faransé yẹn, 9 péré ló ti lo abẹ́rẹ́ náà. Nínú 90,305 tí wọ́n fi wé wọn, 11 ni. Abẹ́rẹ́ yìí sì ti gba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́ oyún tí ara wọn kò lè gbé. Síbẹ̀, ẹni tí yóò gba abẹ́rẹ́ sára ló ni ẹ̀tọ́ láti gbé ewu kékeré sórí ìwọ̀n, kó sì yan ọ̀nà mìíràn bó bá wù ú. Ẹni tó bá fi pamọ́ fún un ti bá a yàn.

Abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń gún ní Nàìjíríà. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, fàyè gba ẹni tí ọjà tó lábùkù bá pa lára láti béèrè owó gbà-máà-bínú. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi ṣe ẹ̀rí? Páálí oògùn kì í sábà dé ọwọ́ obìnrin, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ìwé inú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó lè fi Yorùbá ṣàlàyé pé nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró lè fi kún un pé: bí orí bá ń fọ́ ẹ tí kò lọ, tàbí tí ojú rẹ ń ṣe bàìbàì, tètè padà wá. Kó sì kọ orúkọ oògùn náà sínú káàdì, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára ìgò rẹ̀, kó má kọ déètì nìkan. Bí kókó bá yọ nínú orí obìnrin kan ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, káàdì yẹn ni lọ́yà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè.