Àwọn Tí Wọ́n Jọ Ń Jẹun Lórí Igi Ẹ̀gẹ́

Ọ̀rọ̀ oko ni a mú wá sí ojú ewé ìdílé lónìí. Bí a bá mú gàárì kúrò nínú oúnjẹ ilẹ̀ Kétu, kí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò rẹ mu? Kí sì ni àwọn ìyá tí ń yan gàárì yóò fi san owó ìwé wọn? Àwọn ọ̀dọ́ wa lè má mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ẹ̀gẹ́ fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, àti pé agbọ́n kan tí kò tó èèrà ni ó bá wa gbà á padà.

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn kan nínú wa ń pè ní gbágùúdá, kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ Áfíríkà. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá, ó ti lé ní 400 ọdún. Igi rẹ̀ ni wọ́n gbé wá, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ṣẹ́kù sílé. Nítorí náà ni ó ṣe sinmi lọ́wọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́. Ní 1973, wọ́n rí kòkòrò kan lára rẹ̀ ní agbègbè Kíńṣásà. Kòkòrò náà funfun bí ohun tí a yí mọ́ èlùbọ́. Kò sí akọ nínú wọn, abo ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan a sì máa yé ẹyin ọgọ́rọ̀ọ̀rún láìsí ọkọ. Afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé igi ẹ̀gẹ́ láti oko kan dé èkejì ni a bá a rin ìrìn tó jìnnà jù. Nígbà tí yóò fi di 1979, ó ti dé Nàìjíríà, ó sì ti dé Bẹ̀nẹ̀.

Ṣóńṣó orí igi ni ó máa ń jókòó sí, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, tí yóò máa fa omi ara igi mu. Ewé yóò ká jọ, orí igi yóò sún kì bí irun tí a di ní kókó. Níbi tí ọ̀ràn náà bá ti le gan-an, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá iṣu ẹ̀gẹ́ lè ṣòfò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù, nítorí òjò ńlá a máa wẹ̀ ẹ́ dànù.

Àwọn onímọ̀ wá bi ara wọn ní ìbéèrè tí ó yẹ. Bí kòkòrò yìí bá burú tó báyìí, báwo ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ tí ó ti wá ṣe ń rí ẹ̀gẹ́ jẹ? Wọ́n wá a lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, ní 1981 sì ni wọ́n rí i ní orílẹ̀-èdè Paragúáì. Níbẹ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ohun kan tó bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí ń jẹ ẹ́ pọ̀ ní àyíká rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni agbọ́n tí a wí yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anagyrus lopezi. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àyẹ̀wò, kí wọ́n má baà gbé ìyọnu mìíràn wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá sí IITA ní Ìbàdàn, wọ́n sì tú u sínú oko ní Nàìjíríà ní ọdún kan náà. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà, òun ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ní 1988 ni iṣẹ́ náà kó wá sí Abomey-Calavi, lẹ́bàá Kútọnú níbí.

Kí ẹnikẹ́ni má fòyà, agbọ́n yìí kì í ta ènìyàn. Inú ara kòkòrò funfun ni ó ń yé ẹyin rẹ̀ sí. Ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ kòkòrò náà láti inú wá, títí awọ rẹ̀ yóò fi le, tí yóò sì pọ́n bí èèpo ẹ̀wà gbígbẹ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, agbọ́n tuntun yóò lu ihò sí i, yóò sì fò lọ.

Wọ́n tún gbé agbọ́n kejì wá, ìbátan ti àkọ́kọ́, tí òun náà ń jẹ kòkòrò kan náà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ inú kòkòrò kan kò tó fún ọmọ méjì. Bí àwọn agbọ́n méjèèjì bá yé ẹyin sínú ọ̀kan ṣoṣo, ọmọ ti àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń borí. Agbọ́n kejì kò fìdí múlẹ̀ ní Áfíríkà.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n bá agbọ́n náà dije tí wọn kò parẹ́. Ẹ mọ àwọn kòkòrò kéékèèké roboto tí ẹ̀yìn wọn le. Àwọn náà ń jẹ kòkòrò funfun, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn pọ̀, ibi tí ó bá kún ni wọ́n ń lọ. Bí ó bá ti dín kù, wọn á ṣí lọ. Agbọ́n ní tirẹ̀ lè wá ọ̀kan ṣoṣo rí nínú oko ńlá, nítorí náà ó lè fi díẹ̀ gbé ẹ̀mí ró. Àwọn agbọ́n ìbílẹ̀ wa kan tún wà tí wọ́n ń yé ẹyin tiwọn sínú ọmọ agbọ́n àlejò yìí. Ẹ wo bí ó ti rí: ẹni tí ń jẹni, ẹnìkan ń jẹ òun náà!

Èèrà ni ó yà wá lẹ́nu jù. Omi dídùn kan ń jáde lára kòkòrò funfun, èèrà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ni ó ṣe ń ṣọ́ kòkòrò náà bí darandaran ṣe ń ṣọ́ màlúù, tí ó sì ń lé agbọ́n dànù. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Ghánà, wọ́n sì rí i pé níbi tí èèrà bá ti ń ṣọ́ wọn, agbọ́n kì í rí wọn mú tó bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò funfun kò tán o. Ó ṣì wà nínú oko wa, díẹ̀díẹ̀, agbọ́n sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá tán pátápátá, ebi yóò pa agbọ́n, bí òmíràn bá sì wọlé lẹ́yìn náà, kò ní bá ẹni tí yóò dá a dúró.

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ní oko, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín rèé. Ìyá agbọ́n a máa wo ìwọ̀n kòkòrò tí ó fẹ́ yé ẹyin sí. Bí ó bá tóbi, ọmọbìnrin ni yóò yé síbẹ̀. Bí ó bá kéré, ọmọkùnrin. Ilẹ̀ tí ó ti rẹ̀, tí kò sí ewé tàbí koríko gbígbẹ tí ó bò ó, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ a máa rù, kòkòrò orí rẹ̀ náà a sì kéré. Nínú irú oko bẹ́ẹ̀, akọ ni yóò pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ agbọ́n, akọ kì í sì í yé ẹyin. Nítorí náà, ẹni tí ń jó gbogbo koríko oko rẹ̀ lọ́dọọdún ń bá kòkòrò funfun ṣiṣẹ́. Bákan náà ni oògùn tí a ń fọ́n sí òwú tàbí ẹ̀wà: bí atẹ́gùn bá gbé e lọ sórí ẹ̀gẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, agbọ́n ni yóò kọ́kọ́ kú, nítorí ìda funfun ara kòkòrò náà ń dáàbò bò ó.

Ọ̀tá mìíràn tún wà, ìbátan eégbọn, aláwọ̀ ewé, tí ó kéré débi pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní 1971. Láti Bràsíl ni wọ́n ti gbé àwọn tí ń jẹ òun náà wá, ìbátan rẹ̀ ni àwọn pẹ̀lú. Méjì nínú wọn fìdí múlẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì pín igi kan náà láàárín ara wọn. Ọ̀kan ń gbé lórí ewé. Èkejì, tí wọ́n tú sílẹ̀ níbí ní 1993, ń sá pamọ́ sí ṣóńṣó orí igi ní ọ̀sán, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ wá ọdẹ lórí ewé ní òru. Bí ẹran ọdẹ bá wọ́n, ó lè jẹ ìyẹ̀fun orí òdòdó àgbàdo títí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tún fi ba nǹkan, èyí sì bá àwa tí a ń gbin àgbàdo mọ́ ẹ̀gẹ́ lára mu.

Ẹ̀gẹ́ tí orí rẹ̀ ní irun wúruwùru ni ó fẹ́ràn láti gbé. Nígbà tí ẹ bá ń ṣa igi tí ẹ ó gé gbìn nígbà òjò tí ń bọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan orí wọn, kí ẹ mú èyí tí ó ní irun, kí ẹ sì yẹ ara igi wò dáadáa kí ẹ tó gbé e kúrò nínú oko ẹni tí ó fún yín.