Ọpọ́n Ìmọ̀ Kì í Ṣe Àwo Oúnjẹ

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn láàárín àwa olùkọ́ èdè Yorùbá. Apá kan nínú wa gbà pé ọ̀tá èdè ni géèmù àti fóònù alágbèéká, pé àwọn ni wọ́n pa àlọ́ àti eré òṣùpá. Apá kejì gbà pé bí a bá ti lè fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tábúlẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ti parí. Ní èrò tèmi, apá méjèèjì ni ó ṣìnà. Ẹ̀rọ ni wọ́n tẹjú mọ́. Wọn kò wo ohun tí ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ẹ̀rọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá àwọn tí ó ń sá fún ẹ̀rọ lóhùn. Ní ọdún 1959 tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ohun àjèjì pátápátá ni àpótí náà jẹ́. Síbẹ̀, àwọn òṣèré bíi Dúró Ládiípọ̀ àti Moses Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sálà, gbé eré Yorùbá wọ inú rẹ̀, tọmọdé tàgbà sì ń pagbo yí i ká. Àpótí náà kò pa èdè. Àwọn tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n gba inú rẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di gbàgede. Bí wọ́n bá ti kọ ẹ̀yìn sí i pé ti òyìnbó ni, ti òyìnbó náà ni ì bá jẹ́ títí di òní.

Àwọn tí ó gbà pé rírà ni gbogbo iṣẹ́ ńkọ́? Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, wọ́n sì pè é ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín inú rẹ̀ sí: ilé ìkàwé, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ibi ìdánrawò. Ìwé fún ẹ̀kọ́ 17 wà níbẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀, òwe Yorùbá pàápàá kò gbẹ́yìn. N kò ní bú ẹni tí ó dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lágbára àtira ìwé kan ṣoṣo rí ọ̀pọ̀ ìwé gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ń ṣe níbẹ̀? Ó ń kà, ó sì ń yan ìdáhùn. Ìwé ọjọ́sí náà ni a dì sínú igbá tuntun. Oúnjẹ ni a bù sínú àwo, tí a ní kí ọmọ máa jẹ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tí wọ́n fún un ti fi ọ̀nà hàn wá. Ìyẹ̀rosùn ni à ń dà sójú ọpọ́n Ifá. Ọmọ awo yóò fi ìka tẹ ojú odù sí i, ọ̀gá rẹ̀ yóò wò ó. Bí ó bá ṣì í tẹ̀, yóò pa á rẹ́, yóò sì tún un tẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni ó fi ń ṣe èyí. Ojú ọpọ́n ni ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ̀rọ̀, níbẹ̀ náà ni ojú ọ̀gá ti ń rí i. Ẹ̀rọ tí kò bá fún ọmọ láàyè láti tẹ̀, láti ṣì, láti pa rẹ́ àti láti tún tẹ̀, kò tíì yẹ ní ohun tí à ń pè ní ọpọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ayé inú kọ̀ǹpútà, níbi tí ènìyàn ti lè rán àwòrán ara rẹ̀ lọ kọ́lé kí ó sì bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe yìí. Ní ọdún 2003 ni ilé-iṣẹ́ Linden Lab ní Amẹ́ríkà ṣí irú ayé bẹ́ẹ̀ kan, Second Life. Láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì ti gba ilẹ̀ síbẹ̀. Kí ni púpọ̀ nínú wọn kọ́ sórí ilẹ̀ náà? Gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́! Wọ́n to àga, wọ́n gbé pátákó síwájú, wọ́n ní kí àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ jókòó kí àwòrán olùkọ́ máa sọ̀rọ̀. Nínú ayé tí ènìyàn ti lè fò bí ẹyẹ, orí àga ni wọ́n tún so ọmọ mọ́. Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ náà dahoro lẹ́yìn náà. Apàlọ́ ayé àtijọ́ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí àwọn ọmọ kò bá dáhùn ààlọ̀, kò ní tẹ̀ síwájú, bí wọn kò bá gbe orin, ìtàn kò ní dùn.

Ẹ wá wo Minecraft, géèmù tí àwọn ará Sweden ṣe, tí ó jáde ní kíkún ní ọdún 2011. Búlọ́ọ̀kù ni ó kún inú rẹ̀. Ọmọ ni yóò wa ilẹ̀, tí yóò gé igi, tí yóò sì fi wọ́n kọ́ ohun tí ó wù ú, òun nìkan tàbí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ mẹ́rin kọ́ agbo ilé Yorùbá síbẹ̀, kíá ni ọ̀rọ̀ yóò di dandan. Níbo ni ìloro yóò wà? Báwo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe yí àgbàlá ká? Kí ni ààfin fi yàtọ̀ sí ilé baálé? Ọmọ tí ó ń jiyàn lórí ibi tí òpó yóò dúró sí kò ní rántí pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́.

Àmì ohùn tí a ti ń sunkún lé lórí láti ọjọ́ yìí wá pàápàá yóò rí ojútùú. Kí a ṣe géèmù tí ó jẹ́ pé ohun tí ọmọ bá kọ ni yóò rí gbà. Bí ó bá kọ ọkọ́, kí ó rí ohun tí yóò fi ro oko. Bí ó bá kọ ọkọ̀, kí ọkọ̀ gbé e sọdá odò. Bí ó bá kọ ọ̀kọ̀, kí ohun ìjà bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ó bá sì kọ ọkọ nígbà tí ẹkùn dojú kọ ọ́, kí ọkùnrin kan yọ sí i, kí ó máa béèrè ohun tí wọn yóò jẹ lálẹ́. Ọmọ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kò ní fi ojú tín-ín-rín wo àmì ohùn mọ́.

Ẹnìkan yóò ní iná kò sí, dátà sì wọ́n. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan tí ọmọ márùn-ún pagbo yí ká sàn ju ẹ̀rọ márùn-ún tí ọmọ márùn-ún dákẹ́ lé lórí. Ẹlòmíràn yóò ní kí a mú ọmọ lọ sí oko gan-an. Ẹni tí ó bá lè mú un lọ, kí ó mú un lọ. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Peckham tàbí Houston ńkọ́?

Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyí. Ní ọdún 1970, Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, wọ́n sì fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ kankan, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn kíláàsì mọ́ èdè wa, ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré ni ó kù tí a lè gbà wọlé.

Yorùbá wà lára àwọn èdè tí ènìyàn lè yàn nínú Minecraft; àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n ń tú u. Níbo ni àwa wà? Ní ọdún 1984, èdè-ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, nítorí pé àwọn onímọ̀ jókòó, wọ́n sì wá orúkọ fún ohun tí kò ní orúkọ. Kí a tún jókòó bẹ́ẹ̀ nítorí eré àwọn ọmọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ọmọ mọ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Bí a kò bá sọ orúkọ ohun tí wọ́n ń kọ́ fún wọn, ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ fún wọn ní èdè tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi èdè náà dá wa lóhùn, kí a má ṣe bínú sí wọn.