Ìdíje bọ́ọ̀lù ilé-ìwé: Ta ló kù fún Ìyìn-Èkìtì ní sáà tó ń bọ̀?

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS3 bá ti kọ ìdánwò WAEC tán, àríyànjiyàn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìyìn-Èkìtì, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìgèdè, Ìlawẹ̀ àti Adó: ta ló kù nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ìwé wa? Wọ́n á máa jà á níbi tí wọ́n ti ń gẹrun, nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Àwọn kan á ní kò sírètí mọ́, torí atamátàsé tó ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ará Adó ti jáde. Àwọn mìíràn á dáhùn pé, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni?

Àríyànjiyàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹgbẹ́ ilé-ìwé ò dà bí Arsenal tàbí Shooting Stars tó lè fowó ra ẹlòmíì dípò ẹni tó lọ. Ọdọọdún ni ilé-ìwé ń pàdánù àwọn ọmọ tó dàgbà jù, tó sì mọ bọ́ọ̀lù jù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kí Ìyìn máa bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni wọ́n ti ń kọ́ láti JSS2 àti SS1, tó máa bọ́ sípò àwọn tó lọ?

Ìṣirò tí kò ṣòro

Ká ní ọmọ 18 ló wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ká ní 9 nínú wọn jẹ́ SS3, 5 jẹ́ SS2, 3 jẹ́ SS1, ẹyọ kan ṣoṣo ló wá láti JSS3. Bí WAEC bá ti parí, ìdajì ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn. Bí ilé-ìwé ò bá mú ọmọ kékeré kún un, tó bá tún di ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ 4 péré ló máa kù nínú àwọn 18 yẹn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá fi SS3 kún ẹgbẹ́ rẹ̀ torí kó lè gba ife lọ́dún yìí, gbèsè ló ń jẹ dé ọdún tó ń bọ̀.

Ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ti orí ife ọdún tó kọjá ṣèlérí fún ọdún tó ń bọ̀, kò sì yẹ kí ẹni tí wọ́n nà lẹ́ṣin ọ̀rọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ilé-ìwé tí wọ́n fìyà jẹ lọ́dún tó kọjá, àmọ́ tó jẹ́ pé àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ló kún inú ẹgbẹ́ rẹ̀, ìrètí tirẹ̀ lè dáa ju ti ẹni tó gba ife lọ. Àwọn ọmọ yẹn ti mọ ara wọn, ojú wọn ti rí màbo, wọ́n sì ti dàgbà sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nàìjíríà

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé kékeré ni èyí, kó wo Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1985, ní Beijing lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, Golden Eaglets fi 2-0 na Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, balógun wọn, Nduka Ugbade, sì gbé ife àgbáyé àkọ́kọ́ tí FIFA ṣe fún àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò kọjá 16. Ìdíje yẹn ló padà di ti ọmọ ọdún 17. Nàìjíríà tún gbà á lọ́dún 1993, 2007, 2013 àti 2015. Ìgbà márùn-ún nìyẹn, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó tíì gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n lóṣù kọkànlá ọdún 2025, nígbà tí orílẹ̀-èdè 48 péjọ sí Qatar, tí 10 nínú wọn wá láti Áfíríkà, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Mali lọ, Burkina Faso lọ, Uganda àti Zambia náà lọ. Orílẹ̀-èdè tó gba ife ju gbogbo ayé lọ jókòó sílé, ó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó fà á ò ṣeé kà tán, ẹnu àwọn onímọ̀ ò sì kò lórí rẹ̀. Àmọ́ ọ̀kan wà tí ojú gbogbo èèyàn tó: ilé-ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ọmọ mọ́. Láyé àtijọ́, St Finbarr's College ní Akọka l'Ékòó ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti gbá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé. Nwosu wà nínú ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà lọ́dún 1980. Keshi ni balógun ikọ̀ tó gbà á lọ́dún 1994, òun náà ló tún kó ikọ̀ lọ gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dún 2013. Pápá ilé-ìwé ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí 18 péré

Ohun kejì tó máa sọ bí sáà tó ń bọ̀ ṣe máa rí fún Ìyìn ni àkókò. Táàmù kìíní máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, iṣẹ́ gígé koríko àti kí àwọn ọmọ máa wọlé díẹ̀díẹ̀ ló máa ń gbà á. Ìsinmi àárín táàmù á mú ọ̀kan, ìdánwò á mú méjì. Ó ku mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìgbà 16 nìyẹn. Ẹni tó bá sì mọ òjò Èkìtì láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá mọ̀ pé ó lè gba mẹ́rin nínú rẹ̀. Ó ku 12. Bí ìgbáradì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ wákàtí kan àtààbọ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí 18 lọ.

Wákàtí 18 ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ tuntun bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù, bí wọ́n ṣe ń gbá kọ́nà, àti ẹni tó ń ṣọ́ ta. Kò lè tó. Ṣùgbọ́n bí tíṣà eré ìdárayá bá pe àwọn ọmọ jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ìsinmi gígùn, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìgbà 12 mìíràn nìyẹn. Ó ti di ìlọ́po méjì láìná kọ́bọ̀ kan sórí pápá tuntun. Ilé-ìwé tó bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹjọ ti fi ìdajì ọ̀nà ṣáájú ẹni tó ń dúró de ọjọ́ ìwọlé. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ló bá a mu: igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Pápá àti bàtà

Pápá náà tún wà níbẹ̀. Òfin bọ́ọ̀lù ní kí gígùn pápá wà láàárín mítà 90 sí 120, kí ìbú rẹ̀ wà láàárín mítà 45 sí 90. Fífẹ̀ ojúlé gólì jẹ́ mítà 7.32, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.44. Ọmọ tó jẹ́ pé mọ́ńkì-póòsì ládùúgbò ló fi dàgbà, tó ń gbá a sáàárín òkúta méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbóná, ọgbọ́n rẹ̀ sì lè pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé pápá ńlá bíi ti Olúyẹmí Káyọ̀dé ní Adó, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ sọ fún un pé ibẹ̀ gbòòrò. Aṣọ́lé tí kò tíì dúró sáàárín òpó gidi rí, ó dìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gba orí rẹ̀ kọjá kó tó mọ bí òpó ṣe ga tó.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà kì í ṣe kékeré. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ lásán kọ́ bọ́ọ̀lù, tí wọ́n wá já bàtà àyálò lé lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, á máa yọ̀ ṣubú ni. Níbi tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ti sàn ju Èkìtì lọ, wọ́n rí ilé-iṣẹ́ ńlá tó dúró tì wọ́n: GTBank ti ṣe onígbọ̀wọ́ Principals' Cup ní Èkó àti Ògùn, Zenith Bank sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Delta. Ìyìn ò ní láti dúró de ilé ìfowópamọ́ kankan. Bí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bá ra bàtà 18, tí wọ́n fi wọ́n sọ́wọ́ ilé-ìwé, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè lò ó, wọ́n ti ṣe ju ariwo orí pápá lọ.

Ìdíje àjálùlẹ̀: ibi tí ẹni kékeré ti ń na àgbà

Ìròyìn ayọ̀ wà fún àwọn tó ń sọ pé Ìyìn ò lè bá ilé-ìwé ńlá bíi Christ's School, Adó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1933, figa gbága. Nínú líìgì, ẹni tó lágbára jù ló sábà máa ń borí, torí àwọn ìdíje rẹ̀ pọ̀. Nínú ìdíje àjálùlẹ̀, tí ẹni tí wọ́n bá nà á kàn máa lọ sílé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bí ilé-ìwé 16 bá wà níbẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin péré ni ẹni tó máa gba ife máa gbá. Bí wọ́n bá jẹ́ 32, márùn-ún ni.

Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ò béèrè atamátàsé mẹ́wàá. Ó ń béèrè aṣọ́lé tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, adíléémú méjì tí wọn kì í bára wọn jà, àti ọmọ márùn-ún tó lè gbá pẹnáritì láìwárìrì. Pẹnáritì kò ju mítà 11 lọ, kò sì ní kéèyàn ní pápá tó dáa kó tó kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbá pẹnáritì mẹ́wàá mẹ́wàá ní ìparí gbogbo ìgbáradì lè gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, kó sì bá ara rẹ̀ ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ibí yìí gan-an ni àwọn tó ń sọ pé "atamátàsé wa ti lọ" ti ṣìṣe.

Àgbàlagbà tó wọ aṣọ ilé-ìwé

Ọ̀nà àbùjá kan wà tó máa ń wu àwọn ilé-ìwé: kí wọ́n lọ yá ẹni tó ti jáde, tàbí ẹni tí kò wọ kíláàsì rí, kí wọ́n fi aṣọ wọ̀ ọ́. Ìyẹn ti pẹ́ nínú bọ́ọ̀lù ilé-ìwé ní Nàìjíríà, ó sì ti ba ohun púpọ̀ jẹ́. FIFA ti ń fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà ìdíje tí Nàìjíríà gbàlejò lọ́dún 2009. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ láti máa purọ́ ọjọ́ orí ní Ìyìn, ẹ̀rọ yẹn ló máa dá a padà lọ́nà. Èyí tó burú jù ni pé, gbogbo ìgbà tí àgbàlagbà àyálò bá wọ pápá, ọmọ SS1 kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó yẹ kó máa kọ́ṣẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn òbí ńkọ́?

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Wọ́n ń rí ọmọ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ torí ẹnì kan ṣèlérí pé òun máa mú un lọ sí Yúróòpù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ ilé-ìwé lágbára: níbẹ̀, bọ́ọ̀lù àti ìwé wà lábẹ́ òrùlé kan náà, tíṣà tó ń fọn fèrè lè bi ọmọ léèrè máàkì ìṣirò rẹ̀. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó jẹ gólì méjì nígbà tí Nàìjíríà na Algeria 3-0 lọ́dún 1980, kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn. Adokiye Amiesimaka tí wọ́n jọ gba ife náà di agbẹjọ́rò, ó sì di kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Àwọn méjèèjì fi hàn pé ẹsẹ̀ àti orí lè jọ ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọbìnrin pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2025, Super Falcons ti ń jìyà 2-0 lọ́wọ́ Morocco nílé wọn ní Rabat kí wọ́n tó yí i padà sí 3-2, tí wọ́n gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ilé-ìwé tó bá ń sọ̀rọ̀ sáà tó ń bọ̀ láìní bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti fi ìdajì ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni Ìyìn lè retí?

Bí wọ́n bá dúró di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó kó ọmọ jọ, tí wọ́n fi SS3 kún inú rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ni ìrìn-àjò máa parí sí, àríyànjiyàn yìí kan náà ló sì máa padà wáyé lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ nínú ìsinmi, tí ó kéré tán ọmọ mẹ́jọ nínú 18 bá wá láti SS1 sísàlẹ̀, tí wọ́n bá sì wá aṣọ́lé kí wọ́n tó wá atamátàsé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n wọ ìpele ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Bí wọn ò bá tiẹ̀ gba ife, wọ́n á ti ní ẹgbẹ́ tó máa wà fún ọdún méjì sí mẹ́ta.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sáà náà ṣe máa rí, kó má wulẹ̀ dúró de ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Kó gba iwájú pápá ilé-ìwé kọjá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ. Bó bá bá àwọn ọmọ kéékèèké níbẹ̀, tí tíṣà dúró tì wọ́n pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, Ìyìn ní ìrètí. Bó bá jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń jẹ koríko níbẹ̀, ìdáhùn náà ti dé.