Ẹ Má Ṣe Gé Ẹ̀rí Wa Lulẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àwa fẹ́ fi kún un pé igi pẹ̀lú jẹ́ àrọ́bá. Ilé amọ̀ a máa wó láàárín ọdún díẹ̀ bí a bá fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọsẹ̀, ọ̀pẹ, ọbì àti ìrókò a máa dúró láti sọ fún ọmọ-ọmọ pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ oko igi eléso àtijọ́ wọ̀nyí ni a ní bá ẹ̀yin olùkà wa sọ, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń pa ẹ̀rí náà run.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Koumassi ní Abidjan, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti sọ di ilé kejì. Ilé àti ilé-iṣẹ́ ni ojú ń rí ní Koumassi lónìí. Ẹni tí ó bá ń wá oko tí ó ti wà níbẹ̀ kí ìlú tó dé kò ní rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n ní Port-Bouët tí kò jìnnà síbẹ̀, ọgbà àgbọn kan wà tí a ń pè ní Station Marc Delorme, níbi tí àwọn onímọ̀ ti kó oríṣiríṣi àgbọn jọ láti ilẹ̀ púpọ̀. Igbó Banco náà ṣì dúró láàárín Abidjan, nítorí pé ìjọba ti sọ ọ́ di igbó àbò ní ọdún 1953. Ibi tí òfin bá ti ṣọ́ igi, igi a dúró. Ibi tí kò bá sí olùṣọ́, ìtàn a sọnù.

Kí àwa ará Nàìjíríà má ṣe fi Abidjan rẹ́rìn-ín. Lẹ́bàá Agége ni Captain J. P. L. Davies ti gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ijọn ní nǹkan bí ọdún 1880. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin kòkó àti ọbì, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Láti oko wọ̀nyí ni irúgbìn àti ẹ̀kọ́ kòkó ti tàn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Owó kòkó sì wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955. Ǹjẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mélòó ní Agége ni ó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí igi wọ̀nyí ti dúró? Ọbì gbànja tí a mọ Agége mọ̀ pàápàá, igbó Ivory Coast wà lára ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ìtàn kan náà ni ó so Koumassi mọ́ Agége.

Èyí tí ó burú jù ni èrò tí àwọn amúnisìn gbìn sí wa lọ́kàn, pé ọwọ́ ènìyàn kò kan igbó wa rí, àti pé kí a gé igi kí a sì jó o nìkan ni àgbẹ̀ wa mọ̀. Ní igbó Òkómù, nítòsí ìlú Benin, àwọn onímọ̀ ti rí èédú àti àpáàdì lábẹ́ ilẹ̀ tí àwọn igi ńláńlá dúró lé. Ní Kissidougou ní ilẹ̀ Guinea, àwọn òyìnbó Faransé rí igbó kéékèèké tí ó yí abúlé ká, wọ́n ní ìyókù igbó ńlá tí àwọn ará abúlé ti pa run ni. James Fairhead àti Melissa Leach yẹ àwòrán àtijọ́ wò, wọ́n sì gbọ́ ti ẹnu àwọn àgbà. Ní ọdún 1996 wọ́n fi hàn nínú ìwé wọn pé òdìkejì ni òtítọ́: àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ó mú igbó náà dàgbà. Ẹ wo bí a ti pe ẹni tí ó gbin igi ní apanirun!

Àwọn baba wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Àlejò tí a fún ní ilẹ̀ lè gbin iṣu àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin ọbì tàbí kòkó láìgba àṣẹ onílẹ̀, nítorí pé igi tí ń pẹ́ nílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ẹni tí ó ni ín. Pèrègún ni a sì fi ń pààlà. Ní Ọ̀yọ́-Ilé tí ogun tú ní àwọn ọdún 1830, igi ọsẹ̀ ṣì dúró láàárín ahoro.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ẹyẹ lè gbé èkùrọ́ lọ kí ó sì hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí. Òtítọ́ ni. Igi kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí tí ó tó. Ṣùgbọ́n bí igi bá tò lẹ́sẹẹsẹ, tí àpáàdì wà nídìí rẹ̀, tí oríkì ìdílé kan sì ń dárúkọ ibẹ̀, ẹlẹ́rìí ti di mẹ́ta, adájọ́ wo ni yóò sì kọ ọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí ahoro tí ó sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yín. Kí wọ́n ka igi, kí wọ́n ya ibi tí ó wà, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àgbà ẹni tí ó gbìn ín, kí wọ́n sì fi àpáàdì sílẹ̀ níbi tí ó wà títí onímọ̀ yóò fi dé. Ẹ̀yin ọba àti ìjọba, ẹ má ṣe jẹ́ kí katapílà wọ ilẹ̀ kí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó wà. Orílẹ̀-èdè tí ó gba òmìnira tí kò lè fi ibi tí baba rẹ̀ dáko hàn, ẹnu ẹlòmíràn ni yóò ti máa gbọ́ ìtàn ara rẹ̀.